Bí A Ṣe Ń Ya Ojú Ènìyàn Kí Ó sì Jọ Ẹni Tí A Yà

Ohun tí ó máa ń dun ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán jù lọ ni pé ó lè ya ẹyinjú dáadáa, kí ó ya imú dáadáa, kí ẹnu náà sì dára ní ààyè tirẹ̀, síbẹ̀ kí ẹni tí ó bá wo odindi àwòrán náà béèrè pé ta nìyí. Mo mọ ìrora yìí, nítorí ó pẹ́ tí mo fi ń ya àwọn ojú tí ó rẹwà ṣùgbọ́n tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá rí nígbẹ̀yìn ni pé jíjọ kò sí nínú ẹyinjú, imú tàbí ẹnu lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni ó wà, nínú bí iwájú orí ṣe gùn tó tí a bá fi wé àgbọ̀n, nínú bí ẹyinjú méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, àti nínú ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: a máa ń dá ẹni tí a mọ̀ mọ̀ láti òkèèrè, nígbà tí a kò tíì lè rí ètè rẹ̀ tàbí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ rárá. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé dúró lé, pé kí a kọ́kọ́ rí ohun ńlá, kí a wọ̀n ọ́n, kí a tó fọwọ́ kan ohun kékeré.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, nígbàkígbà tí mo bá ń sọ bí a ṣe ń ya ojú, gbogbo ohun tí ó wà láti iwájú orí dé àgbọ̀n ni mo ní lọ́kàn. Èyí tí a fi ń ríran ni mo ń pè ní ẹyinjú.

Ohun èlò, ìmọ́lẹ̀ àti ìjókòó

Ohun èlò kò pọ̀. Pẹ́ńsùlù mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn HB, 2B àti 6B. Lẹ́tà B ń tọ́ka sí dúdú, bí nọ́ńbà tí ó wà níwájú rẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni pẹ́ńsùlù náà ń rọ̀ sí i, tí ó sì ń dúdú sí i. Ẹ wá bébà tí kò dán, nítorí bébà tí ń dán kì í gba dúdú sára, kí ẹ sì ní rọ́bà rírọ̀ tí a lè fi ọwọ́ pò bí àmọ̀, nítorí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lè gbé dúdú kúrò díẹ̀díẹ̀ láì ba bébà jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo èédú náà kò ṣì í ṣe. Èmi gan-an fẹ́ràn èédú fún àwọn tí ó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè ya ohun tín-ín-rín kí ó tó ya ohun ńlá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, tí ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀, ìyẹn ni títẹ́ bébà sórí tábìlì pẹrẹsẹ. Bí bébà bá wà pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ jìnnà sí wa ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà a ó máa fa àwòrán gùn láìmọ̀, ìgbà tí a bá sì gbé e dúró ni a ó rí i pé orí náà ti gùn jù. Ẹ fi bébà mọ́ pátákó, kí ẹ gbé pátákó náà dúró níwájú yín kí ó kọjú sí yín ṣánṣán.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yọ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò, yálà láti fèrèsé tàbí láti iná kan, kí ó wá láti òkè díẹ̀, kí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti iwájú wá ṣánṣán, gẹ́gẹ́ bí iná kámẹ́rà, máa ń pa gbogbo òjìji rẹ́, ojú yóò sì tẹ́ bí àwo. Ìmọ́lẹ̀ méjì tí agbára wọn dọ́gba burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òjìji wọn ń gba ara wọn kọjá, ojú kò sì ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé.

Ẹni tí a ń yà yẹ fún ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níbi tí ẹyinjú rẹ̀ àti tiyín yóò ti wà ní ipele kan náà, kí àlàfo bíi mítà méjì wà láàárín yín, kí ó sì ní ohun kan tí yóò máa wò. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ó dìde na ẹsẹ̀. Kí ó tó dìde, ẹ lẹ téépù sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, nítorí bí ó bá padà jókòó tí ó yẹ̀ díẹ̀, gbogbo òjìji ni yóò yẹ̀. Bí àárẹ̀ bá ti mú un, ojú rẹ̀ yóò wálẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àárẹ̀ dípò kí ẹ ya ènìyàn.

Wíwọ̀n kí a tó yà

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹyinjú, imú tàbí ẹnu kankan nínú. Ẹ fi àmì kan sí òkè bébà níbi tí àtàrí yóò wà, ẹ fi òmíràn sí ìsàlẹ̀ níbi tí àgbọ̀n yóò parí sí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun sún àmì méjèèjì kúrò mọ́. Láàárín wọn, ẹ rọra ya ìrísí orí bí ẹyin tí ibi tí ó fẹ̀ jù wà lókè, kí ẹ sì fa ìlà kan láti àárín iwájú orí, kí ó gba orí imú kọjá lọ sí àárín àgbọ̀n. Ìlà yìí ni yóò sọ bóyá orí dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbé orí wọn dúró ṣánṣán, bí ẹnì kan sì ṣe máa ń tẹ orí wà lára ohun tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi ń dá a mọ̀.

Bí a bá wo orí àgbàlagbà láti iwájú, ìlà ẹyinjú máa ń bọ́ sí nǹkan bí ìlàjì láàárín àtàrí àti àgbọ̀n. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí nínú àwòrán ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́, ẹyinjú máa ń ga jù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkàn wa kì í fiyè sí iwájú orí àti orí fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ohun púpọ̀ tí a ń wò níbẹ̀. A wá ń gé e kúrú, gbogbo ohun tí ó kù yóò sì gòkè lọ. Láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun ojú, láti irun ojú dé ìsàlẹ̀ imú, àti láti ìsàlẹ̀ imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, gígùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fífẹ̀ ojú ní ibi tí ẹyinjú wà tó ìwọ̀n ẹyinjú márùn-ún, àlàfo tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì sì tó ìwọ̀n ẹyinjú kan. Etí máa ń wà láàárín ìlà irun ojú àti ìlà ìsàlẹ̀ imú. Ní ti ọmọdé, ìlà ẹyinjú máa ń wà nísàlẹ̀ ìlàjì, nítorí agbárí rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ; ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n àgbàlagbà ya ọmọdé yóò rí àgbàlagbà kékeré nínú bébà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí di òfin. Àárín gbùngbùn lásán ni wọ́n, kò sì sí ẹnì kan láyé tí ó bá wọn mu pátápátá. Ìwúlò wọn ni pé wọ́n ń jẹ́ kí a rí ibi tí ẹni tí ó wà níwájú wa ti yàtọ̀. Bí àlàfo láàárín imú àti ètè òkè bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹni náà wà, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti ṣọ́ra jù, nítorí ọwọ́ yóò fẹ́ dá a padà sí àárín gbùngbùn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ na apá yín síwájú tán, kí ìgúnpá má ṣe tẹ̀, ẹ di ojú kan, kí ẹ sì gbé pẹ́ńsùlù dúró kí orí rẹ̀ ba àtàrí ẹni tí ẹ ń yà. Ẹ fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí ìlà ẹyinjú bá dé lára pẹ́ńsùlù náà, kí ẹ wá sọ ìwọ̀n yẹn kalẹ̀ láti ìlà ẹyinjú dé àgbọ̀n. Bí ó bá kù díẹ̀, tàbí tí ó lé díẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí lórí bébà náà nìyẹn. Ìgúnpá tí ó bá tẹ̀ ń yí ìwọ̀n padà, nítorí náà ni a ṣe ń na apá tán. Ẹ tún lè gbé pẹ́ńsùlù dúró bí òpó kí ẹ wo ohun tí ó wà lábẹ́ ohun mìíràn: ṣé igun inú ẹyinjú bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ imú, àbí ó wà nínú díẹ̀? Ṣé igun ẹnu dé abẹ́ àárín ẹyinjú? Ẹ wo àlàfo náà pẹ̀lú, irú èyí tí ó wà láàárín ọrùn àti èjìká, nítorí ọkàn kò ní orúkọ fún àlàfo, kò sì lè parọ́ fún wa nípa ìrísí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a bá ti sọ nínú ọkàn wa pé ẹyinjú nìyí, ọwọ́ yóò ya ẹyinjú tí ó ti mọ̀ láti kékeré, kì í ṣe èyí tí ó wà níwájú wa. Ẹ wo Chuck Close, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2021. Ó ní àìlera kan tí kì í jẹ́ kí ó lè dá ojú ènìyàn mọ̀, síbẹ̀ àwòrán ojú ènìyàn ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó máa ń pín fọ́tò sí àwọn àpótí kéékèèké, yóò sì máa gbé wọn lọ sórí káńfáásì ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka ohun tí àpótí kan jẹ́ sí, bí kò ṣe bí ó ṣe dúdú tó tàbí bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí wíwọ̀n pẹ̀lú pẹ́ńsùlù bá ṣòro fún yín, ẹ lè fi ọ̀nà yìí kọ́ ojú yín fún ìgbà díẹ̀: ẹ fa ìlà àpótí sórí fọ́tò, ẹ fa iye kan náà sórí bébà, kí ẹ sì dorí méjèèjì kodò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Òjìji ni ó ń mọ ojú

Nígbà tí ìwọ̀n bá ti dúró, ẹ rọra di ojú yín títí yóò fi ku díẹ̀ kí ó pa dé, kí ẹ wo ẹni náà bẹ́ẹ̀. Ohun kéékèèké yóò pòórá, ohun tí yóò kù ni ibi méjì: ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí kò dé. Ẹ fa ààlà láàárín wọn pẹ̀lú ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi dúdú kan ṣoṣo tí kò pọ̀ jù kún gbogbo ibi òjìji pọ̀, ihò ojú, ẹ̀gbẹ́ imú, abẹ́ imú, ètè òkè, abẹ́ ètè ìsàlẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò kọjú sí ìmọ́lẹ̀, láìyà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, kí ẹ rìn sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì wo iṣẹ́ náà. Bí ìwọ̀n bá tọ́, ẹni náà yóò ti máa yọjú, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì ya ẹyinjú kankan. Bí kò bá sì yọjú, ẹ má lọ síwájú. Kò sí bí irun ìpéǹpéjú ṣe lè dára tó tí yóò tún ohun tí ó wọ́ níbí ṣe. Ẹ padà sí wíwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni a ó máa pín ìmọ́lẹ̀ àti òjìji sí wẹ́wẹ́. Òfin kan ṣoṣo tí mo rọ̀ mọ́ ni pé ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú òjìji gbọ́dọ̀ dúdú ju ibi tí ó dúdú jù nínú ìmọ́lẹ̀ lọ. Abẹ́ àgbọ̀n máa ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láti ara aṣọ tàbí èjìká, ó sì máa ń wu ènìyàn láti sọ ọ́ di funfun. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àgbọ̀n yóò fọ́ sí méjì. Ẹ tún wo ààlà fúnra rẹ̀. Òjìji tí imú jù sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ní ẹnu ààlà tí ó gé gérégé, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yípo lọ sínú òjìji kì í ní ààlà kankan tí a lè fi ọwọ́ kàn. Bí a bá ṣe gbogbo ààlà bákan náà, ojú yóò dà bí ohun tí a gé láti inú páálí.

Ẹyinjú, imú àti ẹnu

Ẹyinjú jẹ́ ohun róbótó tí ó jókòó sínú ihò, tí awọ bò lókè àti nísàlẹ̀. Funfun rẹ̀ kì í funfun tó bí a ṣe rò, nítorí ó ń yípo, ìpéǹpéjú òkè sì ń da òjìji sí i lórí. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ ní funfun bébà yóò ya ẹni tí ẹ̀rù bà. Ìpéǹpéjú òkè máa ń bo díẹ̀ lára róbótó dúdú àárín rẹ̀. Ibi kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán nínú ẹyinjú ni kí ẹ yà kẹ́yìn pátápátá, kí ó sì wà ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú ẹyinjú méjèèjì.

Imú kò ní ìlà. Ẹ̀gbẹ́ tí ó dúdú, orí tí ó mọ́lẹ̀ àti abẹ́ tí ó dúdú jù ni ó mọ ọ́n, kí ẹ má sì ya ihò imú bí ihò dúdú méjì.

Ẹnu ni ó ti fẹ́ mú mi fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ rí. Kò sí ibi tí ó ń yí padà lójú ènìyàn tó o, bí igun rẹ̀ bá sì gòkè tàbí wálẹ̀ ní ìwọ̀n mílímítà kan, inú ẹni tí a yà yóò ti yí padà. Ẹ má ya ìlà yí ètè ká. Ìlà tí ètè méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí òun ni ó dúdú jù, kì í sì í gún rárá: ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀ ní àárín, ó sì máa ń gòkè wálẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sí igun. Lẹ́yìn náà ẹ ya òjìji tí ó wà lábẹ́ ètè ìsàlẹ̀, ètè náà yóò sì yọ fúnra rẹ̀. Bí eyín bá hàn, ẹ yà wọ́n pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Ìlà láàárín eyín kan àti èkejì máa ń sọ ẹ̀rín di nǹkan mìíràn. Nínú àwòrán Mona Lisa tí Leonardo da Vinci bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1503, igun ẹnu àti igun ẹyinjú ni ó fi òjìji rírọ̀ bò, tí kò fi ààlà sí i, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi lè sọ pàtó bóyá obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí igun ẹnu rọ̀.

Ní ti irun, ẹ yà á bí ìrísí ńlá tí ó ní ìmọ́lẹ̀ àti òjìji tirẹ̀, kí ẹ wá ya ẹyọ irun díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Etí kò yẹ kí ó gba àkókò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀dà

Gbogbo ohun tí mo ti sọ ni ó dúró, àwọ̀ ni ó kàn kún un. Àṣìṣe tí ó ń dùn mí jù ni kí ènìyàn mú búráùn kan, kí ó fi dúdú kún un fún òjìji, kí ó fi funfun kún un fún ìmọ́lẹ̀, kí ó sì pè é ní awọ ara. Awọ dúdú pàápàá ní àwọ̀ púpọ̀ nínú. Ibi tí ó ń dán lórí rẹ̀ máa ń gba àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn sí i, nítorí náà ó lè ṣe bíi búlúù lábẹ́ fèrèsé; òjìji rẹ̀ sì lè pọ́n gidigidi. Ẹ po ultramarine, ìyẹn ọ̀dà búlúù, mọ́ burnt sienna, ìyẹn ọ̀dà búráùn tí ó pọ́n díẹ̀, dípò ọ̀dà dúdú, ẹ ó sì rí dúdú tí ó ní ẹ̀mí, tí ẹ lè darí sí búlúù tàbí sí pupa bí ẹ bá ṣe fẹ́. Pẹ̀lú ọ̀dà olóròóró, ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní òróró díẹ̀, àwọn tí yóò bò ó sì gbọ́dọ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwòrán má baà sán nígbà tí ó bá gbẹ.

Fọ́tò àti dígí

Kò sí ẹ̀bi nínú lílo fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ mọ irọ́ tí ó ń pa. Fóònù tí a gbé sún mọ́ ojú máa ń sọ imú di ńlá, a sì máa ti etí sẹ́yìn. Ẹ dúró bíi mítà méjì sẹ́yìn, kí ẹ fà á súnmọ́, kí ẹ sì lo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí fọ́tò bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà jáde.

Dígí ni olùkọ́ tí ó sàn jù. Ní 1484, nígbà tí Albrecht Dürer, ayàwòrán ọmọ Jámánì, jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó jókòó síwájú dígí, ó sì fi ohun ìyàwòrán tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ fàdákà ya ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àmì fàdákà kì í ṣe é parẹ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ní láti wò dáadáa kí ọwọ́ tó kan bébà. Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ Netherlands, ya ara rẹ̀ ju ìgbà 35 lọ láàárín 1886 àti 1889, nítorí kò lówó tí yóò fi san fún àwọn tí yóò jókòó fún un. Rembrandt, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ọmọ Netherlands, ya ara rẹ̀ títí di 1669, ọdún tí ó kú, ẹni tí ó bá sì tò wọ́n jọ yóò rí i bí ọkùnrin kan ṣe ń darúgbó láì fi nǹkan kan pamọ́. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní 1882, ti ń fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí kí ó tó lọ sí London ní 1920 láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ya àwòrán Mrs Spencer Savage ní 1906. Ẹ ya ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń parí, ẹ gbé e síwájú dígí. Ojú yín ti mọ́ àṣìṣe rẹ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tún bá di òsì, ẹyinjú tí ó ga ju èkejì lọ yóò hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá jí tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i kò ju kí ẹ fi kún irun ìpéǹpéjú lọ, ó ti tó.

Ẹ má kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ yà bóyá ó jọ ọ́. Inú dígí ni ó ti mọ ojú ara rẹ̀, níbi tí ọ̀tún ti jẹ́ òsì, nítorí náà àwòrán tí ó tọ́ gan-an lè ṣàjèjì sí i. Ẹ fi han ẹni tí ó ń bá a gbé, kí ẹ má sì sọ ẹni tí ó jẹ́. Bí ó bá dá orúkọ láì ronú, ẹ lọ síta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ fọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí èédú tàbí pẹ́ńsùlù rá sí i lára, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹni náà kí ó wá jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní ìhà kejì ojú rẹ̀.